Ìwà Ni Tàbí Ìṣesí? Iṣẹ́ Lámèyítọ́ Lórí Èdè Ìwé-Ìbéèrè Tí Òbí Fi Ń Ròyìn Ọmọ

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sórí ewì, ìtàn àròsọ àti eré oníṣe nìkan. Ọ̀rọ̀ yòówù tí a bá to pọ̀ fún ète kan, tí ẹnì kan bi, tí ẹlòmíràn sì ní láti fèsì sí, ni a lè yẹ èdè rẹ̀ wò. Nínú bébà yìí, irú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ èdè kì í sábà yà sí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èyí ni ìwé-ìbéèrè tí a ń fún òbí kí ó lè ròyìn ìṣesí ọmọ rẹ̀. Olùwádìí a to ìbéèrè jọ, òbí a mú ìdáhùn kan nínú èyí tí a tò síwájú rẹ̀, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, èsì a sì jáde gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di nọ́ḿbà, ẹnikẹ́ni kì í tún bèèrè irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìwé-ìbéèrè yìí kì í ṣe dígí tí a lè gba inú rẹ̀ wo ọmọ. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni, láàrin òbí àti àlejò, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ a sì máa ní òfin tirẹ̀ ní àwùjọ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá túmọ̀ ìbéèrè láìka òfin náà sí, ìlànà ọmọlúwàbí ilé náà ni a ó wọ̀n, a ó sì kọ orúkọ ọmọ sí i. A ó mú Danmagaji, àdúgbò kan ní ìlú Zaria ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, gẹ́gẹ́ bí ibùdó àpẹẹrẹ. A kò kó èsì kankan jọ níbẹ̀. A kàn fẹ́ fi ojú inú gbé ìwé-ìbéèrè náà lọ sí ìlú tí Haúsá ti jẹ́ èdè gbogboògbò, tí àwọn ìdílé Yorùbá sì ń tọ́mọ láàrin aládùúgbò tí èdè wọn yàtọ̀. Níbẹ̀, ìwé kan ṣoṣo ní láti gba ẹnu èdè méjì ó kéré tán, kí ó tó kan òbí.

2.0 Orísun Ìwé-Ìbéèrè

Ìwádìí tí Alexander Thomas àti Stella Chess, tọkọtaya tí wọ́n jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọdún 1956 ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ọmọ 133 ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn láti ìgbà ọmọ-ọwọ́ títí di àgbà. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn pẹ̀lú òbí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn òbí náà ni wọ́n sì ti fa ọ̀nà mẹ́sàn-án yọ tí ìṣesí ọmọ fi ń yàtọ̀ sí ara wọn: bí ara ọmọ ti ń yá tó, bí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ ti ń bọ́ sí àkókò kan náà, bí ó ti ń sún mọ́ ohun tuntun tàbí kí ó sá fún un, bí ìyípadà ti ń tètè mọ́ ọn lára, bí ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ ti gbọdọ̀ pọ̀ tó kí ó tó kọbi ara sí i, bí ẹkún àti ẹ̀rín rẹ̀ ti le tó, bí inú rẹ̀ ti sábà ń rí, bí a ti lè tètè fa ọkàn rẹ̀ sí nǹkan mìíràn, àti bí ó ti ń pẹ́ tó lórí ohun tí ó dáwọ́ lé. Nínú ọmọ 100, wọ́n ka nǹkan bí 40 sí ọmọ onírọ̀rùn, 10 sí ọmọ oníyọnu, 15 sí ọmọ tí ara rẹ̀ kì í tètè balẹ̀. Àwọn yòókù kò bọ́ sí ìsọ̀rí kankan.

William Carey, dókítà àwọn ọmọdé ní Pennsylvania, ni ó sọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí di ìwé-ìbéèrè ní ọdún 1970, kí dókítà mìíràn lè rí i lò. Ìbéèrè 70 ni ó ní. Ní ọdún 1978, òun àti Sean McDevitt tún un ṣe, ó di ìbéèrè 95, ìdáhùn sì di ìpele mẹ́fà, láti orí ohun tí ọmọ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe rárá dé orí ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe nígbà gbogbo. Ní ọdún 1979, John Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tiwọn jáde, níbi tí òbí ti ń fi ọmọ tirẹ̀ wé ọmọ mìíràn. Ní ọdún 1981, Mary Rothbart yan ọ̀nà mìíràn: ó bèèrè iye ìgbà tí nǹkan kan pàtó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Lójú onímọ̀ èdè, oríṣi gbólóhùn mẹ́ta ni èyí. Èkíní ń bèèrè bárakú, èkejì ń bèèrè ìfiwéra, ẹ̀kẹta ń bèèrè ìṣẹ̀lẹ̀. A ó rí i níwájú pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rọrùn bákan náà láti bi òbí ní èdè wa.

3.0 Ọ̀rọ̀ Tí Atúmọ̀ Ní Láti Yàn

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sẹ́nu atúmọ̀ ni ìwà. Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé ní ọdún 1975, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú Ifá, pé láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe wà ni ìwà ti jáde, àti pé ojú méjì ni ó ní: wíwà láyé, àti bí ènìyàn ti ń hùwà láyé. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìwà kò dúró sí àárín. Bí a bá ní, ‘Ọmọ yìí níwà’, a yìn ín. Bí a bá ní, ‘Kò níwà’, a bú u, a sì bú ẹni tí ó tọ́ ọ pẹ̀lú. Ìwà ni ohun tí a ń fi ẹ̀kọ́ mọ, tí a sì lè dá ènìyàn lẹ́jọ́ lé lórí. Ọmọ oṣù mẹ́fà kò ì tíì ní èyí; ohun tí ó ní ni ìṣesí. Nítorí náà, ìṣesí àbínibí ni a yàn nínú bébà yìí fún ohun tí Thomas àti Chess ń wá. Ẹni tí ó bá bi òbí léèrè ìwà ọmọ-ọwọ́ ti bèèrè ohun mìíràn.

Haúsá kò gba atúmọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣòro yìí. Hali ni ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù, òwe wọn sì sọ pé hali zanen dutse, èyí ni pé ìwà dàbí ilà tí a fín sára òkúta. Olùwádìí fẹ́ mọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó yí padà bí ọmọ ti ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ tí ó fi bèèrè ń sọ fún ìyá pé kò ní í yí padà láéláé.

Bí a bá kúrò lórí orúkọ gbogboògbò, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ti ọmọ tí ó ń pẹ́ lórí ohun tí ó dáwọ́ lé. Lédè Yorùbá, bí ohun tí ó dáwọ́ lé bá wu àgbà, a ó pe èyí ní ìforítì. Bí kò bá wù ú, a ó pè é ní agídí tàbí orí kunkun. Ìṣesí kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ti fi ojú ẹni tí ń wò ó sínú orúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tí ara rẹ̀ yá: ó lè jẹ́ ọmọ tí ó jí pépé, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí kì í fìdí jókòó. Ọmọ tí kì í tètè lọ sọ́dọ̀ àlejò ńkọ́? Nínú ètò New York, fífà sẹ́yìn kúrò níwájú ohun tuntun wà lára àmì ọmọ oníyọnu. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó ní ìtìjú ni a ń yìn. Aláìnítìjú ni a ń bú. Lójú Haúsá, kunya wà lára ìpìlẹ̀ ìwà rere. Bí atúmọ̀ bá fi ìtìjú tàbí kunya sínú ìbéèrè, ìyá á gbà pé ọmọ òun ní in, yálà ó ní in tàbí kò ní in.

Ọ̀nà tí àwọn olùwádìí sábà ń gbà dán ìtúmọ̀ wò ni pé kí ẹlòmíràn tú u padà sí èdè tí ó ti wá. Ọ̀nà yìí dára fún àṣìṣe tí ó hàn gbangba, ṣùgbọ́n kò lè mú irú èyí. Ẹni tí ó bá rí orí kunkun yóò dá a padà sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a retí, ìdánwò á sì yege, nígbà tí ẹ̀bi tí orí kunkun gbé lérí ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

4.0 Gírámà Ìbéèrè

Ìṣòro kejì wà nínú gírámà. Ìbéèrè bárakú lédè Yorùbá kò lè ṣe kí ó má lo máa ń: ‘Ṣé ọmọ yín máa ń sunkún bí ẹ bá ń wọṣọ fún un?’ Kí ìyá tó dáhùn, gbólóhùn náà ti ń dún bí ẹ̀sùn. Nígbà tí aládùúgbò bá ní, ‘Ọmọ yín máa ń sunkún o’, ẹjọ́ ni ó wá rò. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá ní kí olùdáhùn yan ìpele kan nínú mẹ́fà. Ẹni tí ń kàwé lè fi ojú wo ìpele mẹ́fà lórí bébà. Ìyá tí a ń kà á fún kò lè fi etí gbá wọn mú. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ìpele tí ó bá a lára mu: kì í ṣe é, máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, máa ń ṣe é ṣáá. Ohun tí ó bá ju èyí lọ, iṣẹ́ atúmọ̀ ni, kì í ṣe ìrònú olùdáhùn.

Èyí tí ó tún le jù ni ìbéèrè onígbólóhùn òdì. Àwọn tí ń ṣe ìwé-ìbéèrè a máa yí àwọn ìbéèrè kan sódì, kí olùdáhùn má baà máa fa ilà sí ibì kan náà láìronú. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a bi bóyá ọmọ rẹ̀ kì í sunkún, tí ọmọ náà kò sì sunkún rí, yóò fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀ dáhùn. Lédè Yorùbá, ẹni tí a bi pé, ‘Ṣé kì í sunkún?’ yóò ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni’, èyí ni pé òótọ́ ni ohun tí ẹ wí, kì í sunkún. Ẹlòmíràn lè ní, ‘Rárá, kì í sunkún’, kí ó sì ní ohun kan náà lọ́kàn. Haúsá náà a máa fi ìdáhùn gba ọ̀rọ̀ olùbéèrè wọlé ní ọ̀nà kan náà. Bí ẹni tí ń kọ èsì sílẹ̀ bá ń fi àṣà Gẹ̀ẹ́sì ka bẹ́ẹ̀ ni àti rárá, ọmọ jẹ́jẹ́ á di ẹlẹ́kún nínú ìwé rẹ̀. Àṣìṣe yìí kò ní í hàn nínú nọ́ḿbà.

5.0 Òbí Wo, Ní Ilé Wo?

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé ìwé náà wọ Danmagaji. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó wà lókè ìwé ni orúkọ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ilé Haúsá tí ó di àṣà mú ni a wọ̀, tí ọmọ náà sì jẹ́ àkọ́bí, a ti kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kunya kò jẹ́ kí ìyá pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, kò sì jẹ́ kí ó fi ìfẹ́ hàn sí i lójú ènìyàn. Àṣà yìí hàn nínú Baba of Karo, ìwé ìtàn ìgbésí ayé obìnrin Haúsá kan ní ilẹ̀ Zaria tí Mary Smith gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1954. Àṣà náà kò le ní gbogbo ilé bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n níbi tí ó bá wà, ìyá tí a ní kí ó sọ bí àkọ́bí rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín sí i tó ni a ní kí ó ṣe aláìnítìjú níwájú àlejò. Bí ó bá fèsì ṣókí tí kò ní ìtara, ìwé á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò lọ́yàyà.

Bí a bá sì yà sí ilé Yorùbá tí ó wà ní àdúgbò kan náà, ìbéèrè wa yóò pàdé ìkíni. ‘Ọmọ ńkọ́?’ ni à ń bi ara wa lójoojúmọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju ‘Ó wà’ tàbí ‘A dúpẹ́’ lọ. Kò sí ẹni tí ń ròyìn ẹkún òru ọmọ fún ẹni tí ó kí i. A kì í sì í yin ọmọ ní àyìnjù lójú àlejò, pàápàá ọmọ tí a pẹ́ kí a tó bí, tàbí èyí tí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Ìbéèrè tí ó ní kí ìyá fi ọmọ rẹ̀ wé ọmọ ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ti Bates, burú ju èyí lọ: bí ó bá ní tirẹ̀ sàn jù, ó gbéra ga, bí ó bá ní tirẹ̀ burú jù, ó ṣépè. Yóò fi í sí àárín, olùwádìí á sì gbà pé ọmọ tí kò yàtọ̀ ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ó jẹ́ ti Yorùbá gan-an. Àwa ti ní ètò tiwa tí a fi ń sọ ìṣesí ọmọ tẹ́lẹ̀, èyí sì ni orúkọ àmútọ̀runwá. Samuel Johnson ti to púpọ̀ nínú wọn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Táyé ni a gbà pé ó máa ń fẹ́ tọ́ ayé wò. Kẹ́hìndé ni onísùúrù. Ìdòwú tí ó tẹ̀ lé wọn ni a gbà pé ó le lórí. Ìyá tí ó bá ń dáhùn fún Ìdòwú kò dá nìkan dáhùn. Gbogbo ohun tí ìran rẹ̀ ti sọ nípa Ìdòwú ń bá a dáhùn, ẹ̀ẹ̀kan tí ọmọ náà bá sì ṣagídí yóò tó ẹ̀rí ìgbà mẹ́wàá.

Àwọn ìbéèrè kan tún gbà pé ohun kan wà nínú ilé tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n bèèrè bí ọmọ ti ń ṣe nígbà tí a bá ń wẹ̀ ẹ́. Ìwẹ̀ ọmọ tuntun nílé Yorùbá ni pé kí ìyá àgbà nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, kí ó fi omi pa á lára, kí ó sì sọ ọ́ sókè. Ọmọ tí kò bá sunkún níbẹ̀ ni a ó bẹ̀rù fún! Ẹkún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń ròyìn ìwẹ̀, kò ròyìn ọmọ. Ẹni tí ó wẹ̀ ẹ́ sì kọ́ ni ẹni tí a ń bi. Ìyá ọmọ lè wà lọ́jà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò máa tọ́jú rẹ̀. Ìwádìí tí Marvin, LeVine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní ọdún 1977 lórí àwọn ọmọ-ọwọ́ Haúsá fi hàn pé ju ẹnì kan lọ ni ọmọ máa ń fara mọ́ láàrin àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé-ìbéèrè ń fẹ́ gbọ́.

6.0 Ta Ni A Wọ̀n?

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Áfíríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Amẹ́ríkà níbi tí a ti ṣe ìwé náà, Sameroff, Seifer àti Elias fi hàn ní ọdún 1982 pé ipò ìyá láwùjọ àti àníyàn ọkàn rẹ̀ ń hàn gidigidi nínú bí ó ti ń díwọ̀n ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1987, Vaughn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ohun tí a ti wọ̀n lára ìyá kí ó tó bímọ lè sọ bóyá yóò pe ọmọ náà ní oníyọnu nínú ìwé-ìbéèrè Carey. Ọmọ kò tíì dé, èsì rẹ̀ ti ń bọ̀. Jerome Kagan ti Yunifásítì Harvard tìtorí irú ẹ̀rí báyìí kọ ẹ̀rí òbí sílẹ̀, ó ní kí a máa fi ojú ara wa wo ọmọ. Rothbart àti Bates kò gbà fún un. Wọ́n ní olùwádìí a máa rí ọmọ fún wákàtí kan ní yàrá àjèjì, nígbà tí òbí ń rí i tọ̀sán-tòru, nínú àìsàn àti nínú ìlera.

Lójú tiwa, àríyànjiyàn yìí kò ní í parí níwọ̀n ìgbà tí a bá ń bèèrè bóyá òbí ń sọ òótọ́. Òbí ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ nípa ọmọ nínú ilé kan ni. Thomas àti Chess fúnra wọn mọ èyí, ìbámu láàrin ọmọ àti ibùgbé rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe òpó ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n rí i láàrin àwọn ìdílé Puerto Rico ní New York pé ọmọ tí oorun rẹ̀ kò ní àkókò kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní kí ó sùn ní aago kan pàtó, àfi ìgbà tí ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ wá láti Kenya. Marten deVries lo ìwé-ìbéèrè Carey láàrin àwọn Maasai nígbà ọ̀dá àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ó padà lọ wo àwọn ọmọ náà, púpọ̀ nínú àwọn tí ìwé kà sí onírọ̀rùn ti kú. Púpọ̀ nínú àwọn oníyọnu ni ó wà láàyè. Èyí ni ó gbé jáde ní ọdún 1984. Àwọn ọmọ náà kò pọ̀, kò sì yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà ka ibi tí kò dé. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó fà á kò ṣòro láti rí: ọmọ tí ń ké fatafata ni a ń gbé sọ́mú, àwọn Maasai sì fẹ́ràn ọmọ tí ń jà fún ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìwé-ìbéèrè náà rí nǹkan gidi. Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn ọmọ náà, àwọn ìyá sì ròyìn rẹ̀. Orúkọ tí a fún ìyàtọ̀ náà ni ó ṣìnà.

7.0 Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Nítorí náà, a kò ní kí a jó ìwé-ìbéèrè níná. Ohun tí a ń sọ ni pé kí onímọ̀ èdè wà níbẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ìbéèrè ìṣẹ̀lẹ̀, bíi ti Rothbart, ni ó bá èdè wa mu jù, nítorí pé ìtàn kì í ṣe ẹ̀sùn. Dípò ‘Ṣé ọmọ yín máa ń bínú?’ kí a bèèrè pé, ‘Nígbà ìkẹyìn tí ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ó ṣe?’ Dípò ‘Ṣé ó fẹ́ràn ìwẹ̀?’ kí a ní, ‘Ta ni ó wẹ̀ ẹ́ lánàá? Báwo ni ó ti ṣe nígbà tí omi kàn án lára?’ Lẹ́ẹ̀kejì, kí a yọ gbólóhùn òdì kúrò pátápátá. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí a bi ju ẹnì kan lọ nínú ilé, kí a sì ka àìdọ́gba ẹnu wọn sí ẹ̀rí dípò àṣìṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí olùbéèrè kí ìyá dáadáa, kí ó bá a jókòó, kí ó tó mú bébà jáde, kí ìdáhùn ìkíni má baà di ìdáhùn ìwádìí.

Iṣẹ́ kan tún kù tí ó jẹ́ tiwa nìkan. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ti fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó ń lò. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣesí ọmọdé ń fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ pé ọmọ ń pẹ́ lórí nǹkan láìyìn ín, láìbú u.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a yàn, gírámà tí a fi bèèrè, àti ìlànà ọ̀rọ̀ sísọ nínú ilé ni ó ń pinnu ohun tí ìwé-ìbéèrè yóò wọ̀n. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kò kéré. Àwọn ènìyàn wa a máa sọ pé ọmọ tí ó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Níbi tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ti rinlẹ̀, ìyá tí a ní kí ó fa ilà sí ‘oníyọnu’ ń jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀, orúkọ tí ó bá sì ti ibẹ̀ jáde lè bá ọmọ dé ilé-ìwé. Yorùbá tún sọ pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Ìwé-ìbéèrè tí a bá kọ ní èdè tí ó mọ òwe méjèèjì yìí ni òbí lè fi òótọ́ inú dáhùn.